Ìwé Tí Ọmọ Ọdún Mẹ́wàá Yóò Kà

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, pẹpẹ ìwé kan wà tí kò ní ìlẹ̀kùn, tí kò sì ní kọ́kọ́rọ́. Pákó tí ó ṣẹ́kù nígbà tí a ń kan òrùlé ni káfíńtà fi ṣe é. Ní ìlú tí ọkọ̀ agbégẹdú ń gbà kọjá tọ̀sán tòru bí tiwa yìí, pákó kọ́ ni ohun tí ó wọ́n. Ní ọjọ́ Sátidé, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò a wá yá ìwé níbẹ̀. N kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ni mo ní, tí mo ń kọ orúkọ ọmọ sí, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ìwé tí ó mú lọ, àti ọjọ́ tí ó dá a padà. Nítorí kí ìwé má baà sọnù ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ yìí. N kò mọ̀ nígbà náà pé yóò kọ́ mi ní iṣẹ́ lámèyítọ́ ju bí àwọn ìwé tí mo kà kí n tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ti kọ́ mi lọ.

Bí àwa olùkọ́ yunifásítì bá fẹ́ díwọ̀n ìwé ìtàn àròsọ, àhunpọ̀ ìtàn ni a ó wò, a ó wo ìfìwàwẹ̀dá, a ó wo ibùdó ìtàn àti ọgbọ́n ìsọ̀tàn, a ó sì fi ìlò èdè kádìí rẹ̀. Ọmọdé kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Tirẹ̀ ni pé kí ó dá ìwé padà lọ́jọ́ kejì kí ó sì béèrè òmíràn, tàbí kí ó tì í sábẹ́ ibùsùn fún oṣù méjì títí ìyá rẹ̀ yóò fi lé e wá sọ́dọ̀ mi. Ìdájọ́ ni ìyẹn, kò sì sí kòtẹ́míìlọ́rùn níbẹ̀.

Ohun tí ìwé àkọsílẹ̀ mi ń sọ láti ọdún dé ọdún kò yí padà. Ọmọ ọdún mẹ́fà, méje, mẹ́jọ a máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Aláwìyé ni wọ́n ń béèrè, àti àwọn ìwé àlọ́ Ìjàpá tí àwòrán wà nínú wọn. Bí ọmọ bá ti tó ọdún mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, orúkọ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn nínú àkọsílẹ̀ náà: ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ̀ẹ̀kan ní sáà ilé-ẹ̀kọ́, ó parí. Àwọn díẹ̀ a tún yọjú nígbà tí wọ́n bá di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, nítorí ìdánwò àṣejáde. Àwọn wọ̀nyí kì í yan ìwé. Ìwé tí ìgbìmọ̀ ìdánwò yàn fún wọn ni wọ́n ń wá, ìdáhùn ìbéèrè ni wọ́n sì ń wá nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó lọ ní ọdún mẹ́wàá kò padà wá gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni mo tún ń bá pàdé ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí wọ́n bá di akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Wọn a dọ̀bálẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn a ní, "Bàbá, a ṣì rántí Aláwìyé o." Inú mi a dùn, yóò sì tún bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kan náà.

Òwe wa kan sọ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Bí àwọn àgbà ṣe máa ń túmọ̀ rẹ̀ ni pé ayé a máa tú ẹgbẹ́ ká: ẹnìkan a lọ sídàálẹ̀, ẹnìkan a relé ọkọ, ikú a mú ẹnìkan. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìtumọ̀ mìíràn wà lábẹ́ èyí, tí ọmọdé fúnra rẹ̀ mọ̀ dáadáa. Kò dìgbà tí ènìyàn bá kú tàbí tí ó bá rìnrìn-àjò kí eré tó tú. Ó lè jẹ́ pé eré ni ó sú ọ̀kan kí ó tó sú èkejì. Ọmọ tí ó ń ṣe bojúbojú lọ́dún tó kọjá yóò fẹ̀yìn ti ògiri lọ́dún yìí, yóò máa wo àwọn àbúrò rẹ̀, ojú yóò sì máa tì í láti dìde. Kò sí ẹni tí ó bá a jà. Òun pàápàá kò lè sọ ohun tí ó ṣe é. (Àwa Ìjẹ̀bú a máa fẹ́ bá òwe yìí jiyàn, nítorí a ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ẹni tí ó bá dé Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ Ojúde Ọba, lẹ́yìn ọdún Iléyá, yóò rí àwọn tí wọ́n ti jọ jẹ́ ẹgbẹ́ láti kékeré, tí wọ́n ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà, nínú aṣọ kan náà, lẹ́yìn ìlù kan náà. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, eré èwe kọ́ ni ó so wọ́n pọ̀. Owó ẹgbẹ́ ni, àti aṣọ, àti ìpàdé, àti iyì ìlú. Eré àkọ́kọ́ ti tú tipẹ́. Àjọṣe mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.)

Nígbà náà, kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu pé ohun tí ó wu ọmọ lónìí kò ní wù ú lọ́la. Bí Aláwìyé Ìwé Kìíní bá ṣì ń wu ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó yẹ kí a bẹ̀rù fún un. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé: nígbà tí ọmọ bá dìde kúrò nídìí eré kan, èwo ni a tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀ dè é?

Kí ìwé tó dé, báwo ni àwọn baba wa ṣe ń ṣe é? Ní alẹ́ àlọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin àti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n jọ ń jókòó lábẹ́ òṣùpá kan náà. Ìjàpá kan náà ni wọ́n ń gbọ́. Kí ni ó fà á tí àlọ́ kò fi tètè sú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá? Ìdáhùn tèmi ni pé àyè rẹ̀ nínú àlọ́ ti yí padà. Nígbà tí ó kéré, orin ni ó ń gbè. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, òun ni ó ń sáré já àlọ́ àpamọ̀, tí ó sì ń fi àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó ní kí òun náà pa ọ̀kan. Bí ó bá sì fi ìtàn lulẹ̀ ní agbede méjì, àgbà kan a bá a gbé e dìde. Bí ó bá yá, òun ni yóò máa pa á fún àwọn àbúrò. Àlọ́ kò dàgbà; ọmọ ni ó ń dàgbà nínú rẹ̀, tí ó ń kúrò ní ìjókòó kan bọ́ sí òmíràn. Ìwé títẹ̀ kò ní ju ìjókòó kan lọ. Bí ìjókòó náà bá ti kéré jù fún ọmọ, àfi kí ó dìde. N kò sọ pé kí a padà sábẹ́ òṣùpá. Àwọn ọmọ wa ti rí ibòmíràn jókòó sí, ohun tí ó sì wà níbẹ̀ dùn mọ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwé rọ́pò àlọ́ ní láti kan ìjókòó púpọ̀.

Ẹni tí ó yé jùlọ nínú àwọn òǹkọ̀wé wa ni Olóyè J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, tí a bí ní ọdún 1904, tí ó sì kú ní ọdún 1980. Àwọn ènìyàn máa ń yìn ín nítorí ewì inú Aláwìyé, tí àgbàlagbà ṣì ń kà lórí títí di òní olónìí. Èmi yìn ín nítorí àkàbà. Láti Ìwé Kìíní títí dé Ìwé Kẹfà, ó ń gun òkè pẹ̀lú ọmọ ni: gbólóhùn ń gùn sí i, ọ̀rọ̀ ń jinlẹ̀ sí i, ayé inú ìwé ń fẹ̀ kúrò ní ẹ̀yìnkùlé bọ́ sí ìlú. Nígbà tí àkàbà yìí sì tán, kò fi ọmọ sílẹ̀ ní òfurufú. Ní ọdún 1964 ó gbé Kúyẹ̀ jáde, ìtàn ọmọ òrukàn kan tí kò gbọ́ràn tí kò sì lè sọ̀rọ̀, àti ìyà tí ó jẹ. Nínú àkọsílẹ̀ mi, Kúyẹ̀ kì í pẹ́ níta. Ọmọkùnrin kan dá a padà nígbà kan, ó dúró, kò lọ. Ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé wọn ò lè mú àwọn èèyàn yẹn ni?" Àwọn tí ó fìyà jẹ Kúyẹ̀ ni ó ń wí. Mo kọ ìbéèrè náà sí etí ojú ewé, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí àwa lámèyítọ́ ti sọ nípa ìwé náà, n kò rí èyí tí ó mú inú rẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò fẹ́ kí a máa bá òun wí. Ó fẹ́ rí ìrẹ́jẹ, kí inú bí i, kí ó sì mọ ohun tí a ó ṣe sí i.

Fágúnwà náà wà lórí pẹpẹ. Kì í ṣe ọmọdé nìkan ni ó kọ̀wé fún, ṣùgbọ́n olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni nígbà tí ó kọ Ogbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 1936 ni ó sì sún un dé ìdí iṣẹ́ náà, kí ìwé tó jáde ní ọdún 1938. Ìran àwọn bàbá mi kà á ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà tí ó wà lọ́dọ̀ mi ti gbó. Bí ènìyàn bá pa á dé tí ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò rí i pé àwọn ojú ewé kan ti dúdú fún ìka, tí àwọn mìíràn sì funfun bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wọ́n. Mo ṣí ibi tí ó dúdú: ìjà ni, àti ìrísí àwọn ẹ̀dá abàmì inú igbó. Mo ṣí ibi tí ó funfun: ilé Ìrágbèje ni, níbi tí ìmọ̀ràn ti pọ̀ bí òjò. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ojú ewé kọ̀wé nípa ẹwà ìwàásù Fágúnwà, n kò sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n ìka àwọn ọmọdé kò bá mi dé ibẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí orúkọ rẹ̀ ti fẹ́ pòórá nínú àkọsílẹ̀ mi. Ó wá ní Sátidé kan, ó wo pẹpẹ lókè nílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ní èyí tí a ò ní mọ ẹni tó ṣe é?" Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Kò sí ìtumọ̀ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó ṣe ṣókí tó ìyẹn nínú ìwé ìmọ̀ kankan tí mo kà. Mo mú Owó Ẹ̀jẹ̀ fún un, ìwé Kọ́lá Akínlàdé, ọmọ Ayétòrò ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ẹni tí ó dá Akin Olúṣínà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ó dá a padà; kò dúró de Sátidé. Ó gba Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ó kà á tán. Ó kọjá sí ọ̀dọ̀ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ó bá Lápàdé rìn nínú Àjà Ló Lẹrù tí ó jáde ní ọdún 1969, àti Àgbàlagbà Akàn tí ó tẹ̀lé e ní 1971. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ dé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé tí wọ́n ti ń pa èèyàn lẹ ń fún ọmọ yìí kà." Ó ń dùn mí létè láti sọ pé iye ẹni tí Ìjàpá ti pa nínú àlọ́ ju iye tí Akínlàdé pa lọ. Mo gbé e mì. Mo ní n ó ṣọ́ra.

N kò ṣọ́ra. Ohun tí ọmọ náà ń wá kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ ni ó ń wá, èyí tí a nà gùn dé igba ojú ewé, tí òun yóò fi lè já a kí òǹkọ̀wé tó já a. Ó ti kúrò níbi tí a ti ń gbè orin, ó ń wá ìjókòó kejì. Àgbàlagbà ni Akínlàdé àti Òkédìjí ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé wọn, ìyá ọmọ náà kò sì jẹ̀bi. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí èmi náà kò bá fẹ́ kí ọmọ mi kà ní ọdún mọ́kànlá. Àwa ni a jẹ̀bi, tí a kò kọ irú rẹ̀ tí ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ta ló jí ewúrẹ́ ìyá alákàrà? Ta ló já okùn ọkọ̀ ojú omi lóru? A kò nílò òkú nínú ilé kí ọmọ tó lè wádìí.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí, kò sì dùn mọ́ mi láti dé ibẹ̀. Èmi náà ti kọ ìwé ọmọdé rí. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ni ó bẹ̀ mí, wọ́n sì fi ìwé kan ránṣẹ́ tí wọ́n to àwọn kókó tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ sí: ìmọ́tótó, ìgbọràn, ìbọ̀wọ̀fágbà, ìfẹ́ orílẹ̀-èdè. Mo dá ọmọkùnrin kan sílẹ̀ tí kì í fọ ọwọ́. Inú rírun kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan ni mo béèrè pé: Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Àmì ohùn ìwé náà péye, àkọtọ́ rẹ̀ péye, kò sí ìlà kan tí olùyẹ̀wò lè fa bírò pupa sí. Ó ti wà lórí pẹpẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láti ọdún méjìlá, ó sì ń dán bí ọjọ́ tí ó dé. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó yá a rí, mo sì rò pé nítorí pé ó rí orúkọ mi lára rẹ̀ ni. Nígbà tí ó dá a padà, mo bi í pé báwo ni. "Ó dáa, sà," ni ó wí, bí ẹni tí wọ́n bu ọbẹ̀ tí kò wù ú fún, tí kò sì fẹ́ kí olọ́bẹ̀ bínú.

Mo ti ronú sí i. Ìgbìmọ̀ tí yóò fọwọ́ sí ìwé náà ni mo kọ ọ́ fún. Ọmọ inú rẹ̀ kò lè dàgbà, nítorí pé bí ó bá dàgbà, kò ní sí ohun tí a ó fi bá a wí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ti mọ̀ pé kí a fọ ọwọ́. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí bàbá rẹ̀ kì í fi í fọ tirẹ̀. Bí mo bá sì wo ọ̀pọ̀ ìwé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, tí wọ́n kọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ẹbí kan náà ni wá: ìwé tí ó ń gbọ́ ohùn olùkọ́ nìkan.

Ẹnìkan yóò ní, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ńkọ́? Ogún Ọmọdé jáde ní ọdún 1990, inú òwe tí mo pa lẹ́ẹ̀kan ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ìgbà èwe ní abúlé sì ni ó kún inú rẹ̀. Ìwé náà dùn. Ìṣọ̀lá tí ó fi wá sílẹ̀ ní ọdún 2018 kò mọ bí a ti í kọ gbólóhùn tí kò dùn. Mo ti fún ọ̀pọ̀ ọmọ kà. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí ó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dá a padà láìbéèrè èkejì. Èrò tèmi ni pé àgbàlagbà ni ó ń sọ ìtàn náà, tí ó ń bojú wẹ̀yìn wo ohun tí ó ti sọnù. Adùn rẹ̀ wà nínú sísọnù náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò tíì sọ nǹkan kan nù. Inú eré gan-an ni ó wà, ọ̀la ni ó sì ń wò. Ìwé nípa ọmọdé ni Ogún Ọmọdé, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dára jùlọ tí a ní, n kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ òmíràn. Ìwé fún ọmọdé jẹ́ ohun mìíràn. Ní ti àwọn tí wọ́n ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún, ọ̀rọ̀ wọn kò le: Ìṣọ̀lá kan náà ti fún wọn ní Ó Le Kú láti ọdún 1974, sinimá tí Túndé Kèlání fi ṣe ní ọdún 1997 sì tún mú wọn padà sínú ìwé. Ìfẹ́ kì í ṣòro tà.

Ẹ má sì jẹ́ kí a tan ara wa jẹ pé èdè Yorùbá ni ó sú ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ lọ dúró lẹ́bàá pápá níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Òkè-Àgbò ní ìrọ̀lẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń jiyàn lórí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú iye, pẹ̀lú ọjọ́, pẹ̀lú ẹ̀rí. Wọ́n gbọ́n, wọ́n mọ bí a ti ń tako ọ̀rọ̀, ẹnu wọn dá ṣáṣá. Àwọn ọmọbìnrin ń wo fíìmù Yorùbá lórí fóònù ìyá wọn, wọ́n sì lè sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfi ohùn òṣèré kan lulẹ̀. Èdè wà lọ́wọ́ wọn. Ìwé nìkan ni wọ́n jù sílẹ̀, wọ́n sì jù ú sílẹ̀ nítorí pé kò sọ ohun tí wọ́n ń sọ. Lórí pẹpẹ mi, kò sí ìwé Yorùbá kan tí ó sọ ìtàn agbábọ́ọ̀lù fún ọmọdé.

Ẹni tí ó fi èyí hàn mí ju gbogbo wọn lọ ni ọmọ kan tí ó wá láti Ogun Waterside, láti etí ọ̀sà níhà Ìwópin. Ìbátan wọn kan ní àdúgbò wa ni wọ́n fi í sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ níhìn-ín. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ó ti ń bá bàbá rẹ̀ wa ọkọ̀ láti ìgbà tí apá rẹ̀ ti lè gbé àjẹ̀. Ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ ní ìwé omi?" Mo ní mo ní, mo mú ìwé kékeré kan fún un lórí bí a ti ń sẹ omi kí a tó mu ún. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, ó rọra gbé e padà sórí pẹpẹ. "Kì í ṣe omi mímu, sà. Omi tí a ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀ ni." Mo wá a. Mo rí igbó, mo rí oko kòkó, mo rí ìgboro Ìbàdàn àti Èkó. Mo rí Olókun àti àwọn ẹbọra inú ibú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jí lóru, tí ó mú àjẹ̀, tí ìjì bá lórí ọ̀sà, tí ó sì ní láti fi ọgbọ́n ara rẹ̀ dé èbúté, n kò rí i. Èdè inú gbogbo ìwé náà pàápàá, kì í ṣe èdè tí ó ń gbọ́ nílé láàárín àwọn Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ etí omi. Ó mú ìwé Ìjàpá kan nítorí kí ó má baà dà bí ẹni pé ó ṣàfojúdi. Kò sì yá ìwé mọ́ títí ó fi padà sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìwópin kì í tán lọ́kàn mi. Níbẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ fi ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ ìwé mẹ́ta ilẹ̀ wa sí, pẹ̀lú Jẹ́bà àti Oku Iboku. Ti Ìwópin ni ó yẹ kí ó máa ṣe ìwé tí a ń kọ nǹkan sí àti èyí tí a ń fi tẹ ìwé. Àwọn ọdún 1970 ni ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbin igi mẹ̀línà sínú igbó ọba ní agbègbè wa nítorí rẹ̀. Igi náà hù. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ dé ibi tí a pinnu rẹ̀ sí rí. Òǹtẹ̀wé tí ó ń ra bébà láti òkè òkun kò lè fi owó dán ìwé ọkọ̀ ojú omi wò. Ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò rà ní dandan ni yóò tẹ̀, irú èyí tí èmi kọ. Bí ebi ṣe mú àwọn ọmọ wa nìyẹn, kì í ṣe nítorí àìmoye òǹkọ̀wé nìkan.

Ìjọba náà ń sọ tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Láàárín ọdún mẹ́ta náà, kò sí ìwé tuntun kan tí ó tìtorí rẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ó yàtọ̀ sí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọn kò gbé òfin kalẹ̀ lásán. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní ìpele ìpele. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí ó wà ní kíláàsì karùn-ún kì í ṣe ọmọ tí ó wọlé ní kíláàsì kìíní.

Ọmọ etí ọ̀sà yẹn ti di géńdé. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni ó ń wà báyìí láàárín àwọn ìletò etí omi. Ó yà kí mi ní ọdún tó kọjá, mo sì rán an létí ìwé omi. Ó rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní ìwé àjákọ kan, mo ní kí ó kọ òru kan tí kò lè gbàgbé lórí ọ̀sà sí i fún mi, bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, láìfi ẹ̀kọ́ kankan kún un. Oṣù mẹ́rin kọjá kí ó tó fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ kan. Kò fi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i. Èdè etí omi ni ó fi kọ ọ́, àfi ibi tí ó bá rántí pé olùkọ́ ni yóò kà á. Mo mú bírò pupa, mo ṣàtúnṣe dé ojú ewé kẹta, mo sì dáwọ́ dúró, nítorí pé n kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà yóò dé èbúté, mo sì fẹ́ mọ̀.

Mo gbé e sórí pẹpẹ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú pupa ojú ewé mẹ́ta àkọ́kọ́. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já báyìí. Ó wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kan ní Òjòwò láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn; ọmọ méjì ti wá béèrè rẹ̀, mo sì ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ tẹ̀lé tirẹ̀.